Sójà ò ní sọ ọmọ yín di sójà: ìdáhùn fún ìyá àgùnbánirọ̀ kan

Ìyá kan n'Ìbàdàn ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 24, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí HND, lẹ́tà call-up ẹ̀ ti jáde, Nasarawa ni wọ́n gbé e sí. Láti kékeré ló ti ní ásímà. Bàbá ẹ̀ ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí, ó ní òun ò rán ọmọ níwèé kí sójà lè máa fìyà jẹ ẹ́ nínú oòrùn, kí wọ́n má tún lọ kó o lọ sójú ogun lọ́jọ́ kan. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní òun lè bá wa gba ìwé exemption tó máa yọ ọ́ nínú ìsìnlú, pé owó díẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń kọ́ wọn gan-an ní káńpù? Ṣé wọ́n ń gbébọn? Ṣé kó lọ ni àbí ká gba ìwé yẹn?"

Ẹ kú àníyàn ọmọ, mà. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti ìwé exemption yẹn, torí nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, òun ló lè ba ọjọ́ iwájú ọmọ yẹn jẹ́ jù. Ẹ má gbà á. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ní òun lè bá yín gbà á yẹn, ì báà jẹ́ èèyàn dáadáa láwùjọ yín, kò lè rí ojúlówó gbà, torí òfin NYSC ti dárúkọ àwọn tí wọ́n ń fún ní exemption, ọmọ yín ò sì sí nínú wọn. Ẹni tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún lọ́jọ́ tó gboyè jáde, ẹni tó ti ṣe sójà tàbí ọlọ́pàá ju oṣù mẹ́sàn-án lọ, òṣìṣẹ́ àwọn iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba bíi SSS àti NIA, àtẹni tí ìjọba àpapọ̀ ti fi oyè orílẹ̀-èdè dá lọ́lá. Ó parí. Ásímà ò sí níbẹ̀, ìbẹ̀rù bàbá ò sí níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ìwé exemption lọ́wọ́ ọmọ ọdún 24 tí ò ṣe sójà rí, ayédèrú ni, kò sí àlàyé míì.

Àwọn kan á tún sọ fún yín pé kó ṣáà jókòó sílé títí á fi lé ní ọgbọ̀n, nígbà náà ó ti bọ́. Irọ́ ni. Ọjọ́ orí ẹ̀ lọ́jọ́ tó gboyè ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ọjọ́ tó bá wù ú láti lọ. Tó bá gboyè lọ́mọ ọdún 24 tó jókòó di ẹni ogójì ọdún, ìsìnlú yẹn ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Fáìnì ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí méjèèjì pa pọ̀, ni òfin kọ fẹ́ni tí wọ́n pè tí ò lọ. Mo mọ̀ pé ₦2,000 ò ra nǹkan kan mọ́ lóde òní, àmọ́ kì í ṣe fáìnì yẹn ló ń jẹ àwọn èèyàn níyà, iṣẹ́ ni. Òfin kan náà ló ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba gboyèjáde síṣẹ́ béèrè sàtífíkéètì NYSC lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ti rí àwọn tó dé ibi ìgbanisíṣẹ́ tán, tí wọ́n ti ṣe íńtáfíù yege, tí ìwé kan ṣoṣo yẹn wá dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ máa rántí ọ̀rọ̀ Kemi Adeosun, ọmọ wa tí wọ́n bí sí London, tó kàwé níbẹ̀, tó wá di mínísítà ètò ìnáwó nílẹ̀ yìí. Oṣù kẹsàn-án 2018 ló kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ lẹ́yìn tó hàn pé ìwé exemption tó ń lò kì í ṣe ojúlówó. Ohun tó sọ nígbà yẹn ni pé àwọn tóun fọkàn tán ló bá òun ṣe é. Èyí tó máa ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ní 2021, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Abuja wá dá a pé kò tiẹ̀ sí ìdí fún un láti sìnlú nígbà tó gboyè ní 1989, torí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni òfin kà á sí nígbà yẹn. Ẹ ò rí i? Ìwé tí kò nílò ló gbapò lọ́wọ́ ẹ̀, torí ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé ò gba ojú ọ̀nà. Ẹ bá mi sọ fún bàbá ọmọ, kó ro èyí dáadáa.

Ó kù sọ́rọ̀ sójà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi bá wọn ṣiṣẹ́ nínú káńpù, nídìí rẹjísírésọ̀n àti nínú kílíníìkì, ohun tí mo bá sì sọ níbí, ohun tójú mi rí ni. Wọn ò ní fún ọmọ yín níbọn. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àgùnbánirọ̀ ní ìbọn yíyìn. Ohun tí sójà ń kọ́ wọn ni parade, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń to ìlà, bí wọ́n ṣe ń yan, bí wọ́n ṣe ń kí àgbà òṣìṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń dúró láì mira, àti eré ìdárayá àárọ̀. Ọ̀gá káńpù gan-an kì í tiẹ̀ ṣe sójà, adarí NYSC ìpínlẹ̀ náà ni. Sójà ní kọmáńdáǹtì tiwọn, ọlọ́pàá àti sífú díféǹsì wà níbẹ̀, àwọn Man O' War tó ń kọ́ wọn ní gígun okùn náà wà níbẹ̀, àmọ́ platoon kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹgbẹ́ tí wọ́n pín àwọn ọmọ sí, ló ní òṣìṣẹ́ NYSC tó ń bójú tó o, òun ni ọmọ yín á máa fẹjọ́ sùn.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ sójà? Ẹ wo ọdún tí ètò yìí bẹ̀rẹ̀. Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní July 1967, ó parí ní January 1970. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún 1973, ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon gbé òfin NYSC jáde, Decree 24. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tí àwọn èèyàn yìí ṣì ń yìnbọn síra wọn. Èrò wọn ni pé kí ọmọ Ìbàdàn lọ gbé láàárín àwọn Ibo, kí ọmọ Sókótó wá gbé l'Ọ̀yọ́, kí ọmọ Ẹnúgu lọ máa kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ ní Bauchi, kí wọ́n jẹun pọ̀, kí wọ́n sùn pọ̀, kí wọ́n mọ̀ pé èèyàn bíi tiwọn lẹni yẹn. Ìjọba ológun ló ṣe é, nítorí náà ọ̀nà tí ológun mọ̀ ni wọ́n gbà. Sójà tó tún jẹ́ dókítà, Ahmadu Ali, ni olórí ẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ìgbà yẹn pàápàá ò fẹ́ ètò yìí, wọ́n jà, wọ́n fẹ̀hónú hàn, kí baba wa, bàbá ọmọ yín, má rò pé òun lẹni àkọ́kọ́ tínú bí. Àwọn àkọ́kọ́ tó lọ jẹ́ 2,364 péré. Lónìí, àwọn tó ń lọ lọ́dọọdún ti lé ní 300,000.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni káńpù. Ìdájí, kílẹ̀ tó mọ́, ni fèrè sójà á ti dún, gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì á sì gbóná, ẹni tó ń wá kánfáàsì, ẹni tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ síbi omi. Ẹni tó bá lọ́ra, sójà á wá gbá ilẹ̀kùn. Funfun ni wọ́n máa ń wọ̀, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, níkà funfun, ìbọ̀sẹ̀ funfun, kánfáàsì funfun. Wọ́n á gbàdúrà ní ṣókí, wọ́n á kọrin orílẹ̀-èdè àti orin NYSC, wọ́n á gbọ́ ìfilọ̀, kí ìdárayá tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló kàn, títí kan iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní SAED, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ aṣọ rírán, oúnjẹ, kọ̀ǹpútà, ohun ọ̀sìn àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrọ̀lẹ́, parade lẹ́ẹ̀kan sí i. Alẹ́, eré orí ìtàgé, ijó, ìdíje láàárín platoon. Káńpù ló ń bọ́ wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ẹni tí oúnjẹ náà ò bá sì tẹ́ lọ́rùn á gba Mammy lọ, ìyẹn ọjà tó wà nínú káńpù, owó sì máa ń tán níbẹ̀ kíákíá, ẹ kìlọ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ n sọ bí parade yẹn ṣe ń rí, torí òun ni bàbá ẹ̀ ń bẹ̀rù. Nọ́ńbà tí wọ́n bá fún un ní rẹjísírésọ̀n ló máa sọ platoon ẹ̀. Tí nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn bá jẹ́ 4, platoon 4 ni, tó bá jẹ́ òdo, platoon 10. Ó túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó yan ẹni tí wọ́n jọ máa wà. Ọmọ Calabar, ọmọ Kàtsínà, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ tó kàwé ní Ukraine, gbogbo wọn á bára wọn lórí ìlà kan. Ọjọ́ kìíní, sójà á ní kí wọ́n yan, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní dígírì lọ́wọ́ á sì máa ju apá ọ̀tún àtẹsẹ̀ ọ̀tún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Sójà á pariwo "ajuwaya!", wọ́n á padà síbi tí wọ́n wà, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Á ní "otondo, ojú ẹ dà?", otondo ni orúkọ yẹ̀yẹ́ tí wọ́n ń pe àgùnbánirọ̀ nínú káńpù. Ẹlòmíì á bínú. Ṣùgbọ́n tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ máa rí i tí ẹni tó mọ̀ ọ́n yan á máa kọ́ ẹni tí ò mọ̀ ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì, láì sí sójà kankan níbẹ̀, ọmọ Hausa á di ejìká ọmọ Yorùbá mú, á máa kà á fún un, ọ̀kan, méjì, ọ̀kan, méjì. Mo ti rí i láìmọye ìgbà, kò sì tíì sú mi rí. Tí wọ́n bá ní kí n sọ ohun tí owó ìjọba ń rà ní káńpù, ibẹ̀ yẹn ni màá nawọ́ sí.

Sójà máa ń sọ̀rọ̀ líle o. Wọ́n ní òwe tiwọn nínú káńpù, pé bó o bá ń rìn o ti jẹ̀bi, sáré ni kó o máa sá. Ẹni tó bá pẹ́ lè kúnlẹ̀, ó lè fò bí ọ̀pọ̀lọ́, ó lè gé koríko. Àmọ́ wọn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, wọn ò gbọ́dọ̀ lù ú, wọn ò sì gbọ́dọ̀ pe obìnrin lọ sí kọ̀rọ̀. Tírú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, kó má pa á mọ́ra, kó lọ bá òṣìṣẹ́ NYSC platoon ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, tíyẹn ò bá dáhùn kó lọ bá adarí káńpù.

Ti pé wọ́n á kó o lọ sógun ńkọ́? Mo mọ ibi tọ́rọ̀ yẹn ti wá. Ní oṣù kẹjọ 2021, ọ̀gá àgbà NYSC nígbà náà, Brigadier General Shuaibu Ibrahim, sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé àwọn àgùnbánirọ̀ wà lára àwọn tí ìlú lè pè tí ogun bá dé, ọ̀rọ̀ yẹn sì dá ìjayà sílẹ̀ nílé ọ̀pọ̀ èèyàn. Láti 1973 títí di òní, wọn ò tíì kó àgùnbánirọ̀ lọ jagun. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò sí ìbọn nínú ẹ̀ ò lè sọ ẹnikẹ́ni di jagunjagun, sójà fúnra wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Tí baba wa bá fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́ ológun gan-an, kó wo Philippines. Níbẹ̀, ROTC ni wọ́n ń pè é, inú ilé ìwé gíga ni wọ́n ti ń ṣe é, gbogbo ọkùnrin tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ló gbọ́dọ̀ ṣe é nígbà kan. Ní 2001, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Manila tú àṣírí ìwà jìbìtì tó wà nínú ROTC ilé ìwé ẹ̀, wọ́n pa á. Ìlú gbaná jẹ. Ìyẹn ló bí òfin tí wọ́n pè ní NSTP Act ti 2001, tó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ yan ọ̀kan nínú mẹ́ta: kó ṣe iṣẹ́ ológun, tàbí kó máa kọ́ àwọn èèyàn ní kíkà àti ìṣirò, tàbí kó ṣiṣẹ́ ìdàgbàsókè ládùúgbò. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ̀lú sójà, ìyókù ọdún nínú ìlú, nílé ìwé, ní ọsibítù, ní kánsù. Èmi ò rò pé ó yẹ kí wọ́n dá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn dúró, àmọ́ mo gbà pé tí NYSC bá fẹ́ kí òbí fọkàn balẹ̀, kílíníìkì káńpù ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ náwó sí, kó tó kan pápá parade. Ibi tọ́rọ̀ ásímà wọlé nìyẹn.

Mà, ẹ fọkàn sí apá yìí ju gbogbo ẹ̀ lọ. Nínú gbogbo ọdún tí mo lò, ohun tó ń dẹ́rù bà mí ní káńpù kì í ṣe sójà, àìsàn tí ọmọ fi pa mọ́ ni. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Tí 2,000 ọmọ bá dúró nínú aṣọ funfun kan náà láago márùn-ún ìdájí, báwo ni sójà á ṣe mọ èyí tí jẹ́nótáìpù ẹ̀ jẹ́ SS, èyí tó ní wárápá, èyí tí ò lè mí tí eruku bá dìde? Ní November 2016, àgùnbánirọ̀ mẹ́ta ló kú ní káńpù ìpínlẹ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn sì mì wá tìtì, àwa tá a wà nínú iṣẹ́ náà.

Mo rántí ọmọkùnrin kan tó ní ásímà tí ò sọ fẹ́nì kankan. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti sọ fún un pé àwọn tó ń lọ sí kílíníìkì ni sójà máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ló bá fi ínhélà sínú báàgì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àsìkò ọyẹ́ ni, pápá gbẹ táútáú, wọ́n ní kí platoon sáré yípo, eruku pupa gbalẹ̀ kan. Ó sáré dé ìdajì, ó dúró, ó tẹ̀ ba, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, ejìká ẹ̀ ń lọ sókè sódò, sójà sì rò pé ọ̀lẹ ń ṣe é. Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì nínú platoon yẹn ló gbọ́ bí àyà ẹ̀ ṣe ń súfèé, òun ló ké pé kí wọ́n gbé e. Láti pápá dé họ́sítẹ́ẹ̀lì níbi tí ínhélà wà, kò jìnnà, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn ó jìnnà. Ó yè é, Ọlọ́run ṣeun, àtọjọ́ yẹn ni dókítà káńpù ti kọ ọ́ síwèé pé kò gbọ́dọ̀ sáré, ó sì parí káńpù ẹ̀ láì tún níṣòro.

Nítorí náà, kí ọmọ yín tó kúrò n'Ìbàdàn, ẹ mú un lọ sí UCH tàbí Adéọ̀yọ́, ọ̀dọ̀ dókítà tó mọ ìtàn àìsàn ẹ̀ ló dáa jù. NYSC ń béèrè ìwé dókítà lọ́wọ́ gbogbo ọmọ, láti ọsibítù ìjọba tàbí ti ológun ni, àmọ́ ìyẹn nìkan ò tó fún tiyín. Ẹ gba lẹ́tà míì tó máa sọ ní kedere pé ásímà ló ní, oògùn tó ń lò, ohun tó máa ń gbé e dìde, àti pé kò gbọ́dọ̀ sáré tàbí wà nínú eruku. Ẹ má jẹ́ kí dókítà kàn kọ "she is fit" torí kí wọ́n má baà dá a padà. Ẹ ṣe ẹ̀dà lẹ́tà yẹn bíi mẹ́rin. Lọ́jọ́ tó bá dé káńpù, kó tó lọ wá bẹ́ẹ̀dì, kó kọ́kọ́ dé kílíníìkì. Dókítà wà níbẹ̀, àwọn àgùnbánirọ̀ tó jẹ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì náà wà níbẹ̀. Wọ́n á fún un ní ìwé tá a ń pè ní excuse duty, tó ń yọ aláìsàn nínú eré sísá àti iṣẹ́ líle, kó fi ẹ̀dà kan han òṣìṣẹ́ platoon ẹ̀, ẹ̀dà kan fún sójà platoon ẹ̀, kó sì pe ẹni tó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kó fi ínhélà hàn án, kó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Ínhélà méjì ni kẹ́ ẹ rà, kí wọ́n má jẹ́ èyí tó ti fẹ́ẹ̀ tán. Ọ̀kan á wà nínú báàgì kékeré funfun tí wọ́n máa ń so mọ́ ìdí, èyí tí gbogbo wọn ń kó fóònù àti tíkẹ́ẹ̀tì oúnjẹ sí, kò gbọ́dọ̀ kúrò lára ẹ̀ àfi tó bá ń wẹ̀. Èkejì á wà nínú àpótí. Kó mú másìkì dání. Kó sá mátírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n bá fún un sóòrùn kó tó tẹ́ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì lé e, eruku máa ń pọ̀ nínú wọn. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ni kó lò, kó bẹ àwọn tí wọ́n jọ wà nínú yàrá kí wọ́n má tan kọ́ìlì, torí èéfín yẹn lè gbé e dìde lóru nígbà tí gbogbo èèyàn ti sùn. Ti Man O' War, ìyẹn gígun okùn àti fífà nínú ẹrọ̀fọ̀, àti ìrìn jíjìn tí wọ́n máa ń rìn jáde káńpù, kó má bá wọn lọ, kó jókòó, kó máa pàtẹ́wọ́ fún wọn. Kò sẹ́ni tó máa gba sàtífíkéètì ẹ̀ torí ìyẹn.

Ìrìn àjò. Keffi ni káńpù Nasarawa wà, ó kọjá Abuja díẹ̀. Látìbàdàn, ọ̀nà jìn. Ẹ má jẹ́ kó rìnrìn àjò alẹ́, NYSC fúnra wọn ń kìlọ̀ ẹ̀ lóòrèkóòrè. Kó gbéra ní kùtùkùtù, tílẹ̀ bá ti ń ṣú, kó sọ̀ kalẹ̀ ní Lọ́kọ́ja tàbí Abuja, kó sùn síbi tó láàbò, kó tẹ̀ síwájú lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó kọ́kọ́ dé káńpù ò gba ẹ̀bùn kankan.

Àwọn ìwé tó máa mú dání: lẹ́tà call-up, green card, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ NYSC tó tẹ̀ jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé èsì ìdánwò ilé ìwé ẹ̀, ID kádì ilé ìwé, ìwé dókítà, fọ́tò pélébé. Ojúlówó gbogbo wọn, pẹ̀lú ẹ̀dà. Wọ́n á tú ẹrù ẹ̀ wò lẹ́nu géètì, áyọ́ọ̀nù, sítóòfù, ọ̀bẹ, wọ́n á gbà á. Oògùn ẹ̀ ńkọ́? Kó wà nínú páálí tí orúkọ ẹ̀ wà lára ẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà dókítà lókè.

Ẹ ò sọ irú ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ ń lọ, àmọ́ tó bá jẹ́ ibi tóbìnrin kì í ti wọ ṣòkòtò ni, ẹ sọ ọ́ yanjú nílé kó tó kúrò. Ṣòkòtò káákí àti níkà funfun ni aṣọ wọn. Ní 2019 wọ́n lé àwọn ọmọbìnrin méjì kúrò ní káńpù Ebonyi torí wọ́n kọ̀ láti wọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn káńpù, wọ́n á gbé e lọ síbi iṣẹ́, ilé ìwé ni ọ̀pọ̀ wọn ń bá ara wọn. Ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ á jẹ́ ti CDS, iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. Ibi tí ìsìnlú gan-an wà nìyẹn, ó sì máa ń bà mí nínú jẹ́ pé àwọn òbí ń bẹ̀rù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ débi pé wọn kì í béèrè ohun tí ọmọ máa fi oṣù mọ́kànlá tó kù ṣe. Ọmọ tó bá lọ kọ́ àwọn ọmọ abúlé ní ìṣirò, tí ò sì kàn lọ fọwọ́ síwèé kó padà sílé, ó ti sìnlú. Iṣẹ́ ìdìbò á wà tó bá bọ́ sí àsìkò ẹ̀, kì í ṣe dandan, ẹni tó bá fẹ́ ló ń forúkọ sílẹ̀. Nílé yín, ẹ jọ jíròrò ìyẹn dáadáa, torí ní 2011 wọ́n pa àwọn àgùnbánirọ̀ ní Bauchi lẹ́yìn ìdìbò, ó sì yẹ kẹ́ni tó bá máa ṣe é mọ ohun tó ń wọ̀. Owó oṣù wọn jẹ́ ₦77,000 báyìí, ó ti kúrò ní ₦33,000 láti 2025. Kò pọ̀, ẹ máa fi díẹ̀ ràn án lọ́wọ́.

Tí eruku Nasarawa bá ṣòro fún àyà ẹ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè kí wọ́n gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ míì nítorí àìlera. Lẹ́tà dókítà kan náà yẹn ló máa lò. Kó béèrè nínú káńpù bí wọ́n ṣe ń ṣe é lásìkò náà, kó má dúró dọjọ́ tí wọ́n ń tú ká, kò sì gbọ́dọ̀ san owó fún ẹnikẹ́ni torí ẹ̀. Àwọn kan á wá bá a nínú Mammy pé àwọn mọ èèyàn l'Abuja. Kó má dá wọn lóhùn. Tẹ́ ẹ bá ti gba lẹ́tà UCH yẹn, ẹ kọ̀wé sí mi padà, ẹ sọ ohun tí dókítà kọ síbẹ̀ fún mi, màá sọ bóyá ó tó àbí kẹ́ ẹ padà lọ kí wọ́n fi nǹkan kún un.